Gbígbé rímù ńlá sórí ọkọ̀ kékeré: èwo ló máa bá a mu, èwo ló máa ha fẹ́ńdà?

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Ọkọ̀ kékeré tí taya iwájú ń fà ni mo ní. Taya 175/65R14 ló bá a wá, lórí rímù irin 5.5J, ET45, nọ́ọ̀tì mẹ́rin. Mo fẹ́ gbé àlọ́ì sí i. Ẹnì kan ń ta rímù 16 tí taya 205/45R16 ti wà lórí rẹ̀, ó ní ihò mẹ́rin ni òun náà ní, pé yóò wọlé wẹ́rẹ́. Ẹlòmíràn ní n ò gbọdọ̀ kọjá 15. Ẹnì kẹta ní kí n fi rímù mi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n kàn ra taya 185/70R14 kí ọkọ̀ lè ga, torí abẹ́ rẹ̀ máa ń ha ilẹ̀ tó bá kún fún èrò. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà nínú wọn?

* * *

Ẹlẹ́rọ

Ẹ má tíì wo rímù. Gíga taya látòkè délẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ ṣírò. Jíà, ago eré àti ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí taya dúró gbagidi tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì), ibi tí taya ń rìn dé bó bá yí lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi ṣètò gbogbo wọn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Nínú 175/65R14, 175 ni fífẹ̀ taya ní mìlímítà. 65 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ taya jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ìyẹn 113.75. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló wà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó di 227.5. Rímù 14 ínṣì, tẹ́ ẹ bá fi 25.4 sọ ọ́ di púpọ̀, 355.6 ni. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 583.1 mm. Òṣùwọ̀n yín nìyẹn. Taya yòówù tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá, òun lẹ máa fi wọ̀n ọ́n.

185/60R14 jẹ́ 577.6. 185/55R15 jẹ́ 584.5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú tiyín. 195/50R15 jẹ́ 576. 195/45R16 jẹ́ 581.9. 205/45R16 tí wọ́n fẹ́ tà fún yín jẹ́ 590.9, ó fi ìdá 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún ju tiyín lọ. Tó bá jẹ́ ti gíga nìkan, kò burú rárá. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí ìyàtọ̀ má kọjá ìdá 3 sókè tàbí sísàlẹ̀. Lójú tèmi, ìdá 2 sókè ti tó fún ọkọ̀ kékeré, torí àyè inú fẹ́ńdà wọn kéré.

* * *

Onírímù

Ìṣirò yẹn tọ̀nà, àmọ́ mi ò gbà pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Taya lè ga bó ṣe yẹ kó ga gẹ́lẹ́ kó sì tún máa ha fẹ́ńdà láti àárọ̀ títí di alẹ́. Rímù ló ń pinnu ibi tí taya máa dúró sí lábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó sì sọ pé "ihò mẹ́rin ni" kò tíì sọ nǹkan kan.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi í ni báwo ni ihò mẹ́rin yẹn ṣe jìnnà síra tó. Ẹ wọn ọ́n láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó kọjú sí i. Tó bá jẹ́ mìlímítà 100, 4x100 là ń pè é. 4x108 wà, 4x114.3 wà, 4x98 náà wà. Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni 4x98 lórí ọkọ̀ 4x100. Ìyàtọ̀ mìlímítà 2 péré ni, ẹ lè fi agbára ki nọ́ọ̀tì wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan lára orí nọ́ọ̀tì náà ló máa fara ti rímù. Wọ́n á fún, ọkọ̀ á rìn, nígbà tó bá yá wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ti nọ́ọ̀tì márùn-ún kò ní ihò tó kọjú síra, nítorí náà ẹ wọn àárín ihò méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, kẹ́ ẹ fi 1.7 sọ ọ́ di púpọ̀. 58.8 máa fún yín ní 5x100, 67.2 máa fún yín ní 5x114.3.

Ẹ tún wo ihò ńlá àárín, èyí tí họ́ọ̀bù, irin ara ọkọ̀ tí rímù ń lẹ̀ mọ́, ń wọ̀. Lẹ́yìn náà, fífẹ̀ rímù ní ínṣì, nọ́ńbà tó ṣíwájú J. Lẹ́yìn náà, ET, tó máa ń wà lára ẹ̀yìn rímù, nínú níbi tí kì í hàn síta. ET ni bí ojú tí rímù fi ń lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù ṣe jìnnà sí àárín gbùngbùn fífẹ̀ rímù, ní mìlímítà. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni rímù á máa yọ síta.

Ẹ lọ wo ẹ̀yìn rímù yẹn kẹ́ ẹ padà wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa.

* * *

Olùbéèrè

Mo ti lọ. 16x7J ET35 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ihò mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, 4x100 àti 4x114.3. Ihò àárín jẹ́ 67.1. Ti ọkọ̀ mi jẹ́ 4x100, ihò àárín 54.1.

* * *

Onírímù

Ó ṣeun tẹ́ ẹ lọ wò ó. Ihò mẹ́jọ kò burú, ẹ kàn máa lo mẹ́rin tó bá tiyín mu. Ibi tí wàhálà wà nìyí:

7J fi ínṣì kan ààbọ̀ fẹ̀ ju 5.5J lọ, ìyẹn 38.1 mm. Ìdajì rẹ̀, 19, máa lọ síta, ìdajì máa lọ sínú. ET kúrò ní 45 ó di 35, ìyẹn ti gbogbo rẹ̀ síta ní 10. Etí rímù máa yọ síta ní mìlímítà 29, yóò sì wọlé sí i ní mìlímítà 9. Fún ọkọ̀ kékeré, 29 ti pọ̀ jù.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ so nọ́ọ̀tì kan mọ́ òwú, kẹ́ ẹ rọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti etí fẹ́ńdà, ní ọ̀gangan àárín wíìlì. Òwú yẹn máa dúró gbọnrangandan. Ẹ wá fi rúlà wọn àyè tó wà láàárín òwú àti ibi tí taya ti yọ síta jù lọ. Tí àyè yẹn bá jẹ́ 15 tàbí 20, ẹ ti rí i pé 29 á ta kọjá fẹ́ńdà. Ẹ wọn tẹ̀yìn náà lọ́tọ̀, torí àyè ẹ̀yìn àti tiwájú kì í sábà dọ́gba. Tẹ̀yìn ló sì sábà máa ń ha tí èrò bá kún inú ọkọ̀, torí ibẹ̀ ni fẹ́ńdà ti ń sọ̀ kalẹ̀ bá taya.

Ní ti inú, ẹ ki ìka bọ àárín taya iwájú àti ṣọ́ọ̀kì, pàápàá ibi tí àwo sípíríǹgì wà. Tó bá jẹ́ mìlímítà 12 ló wà níbẹ̀ báyìí, 9 máa jẹ ẹ́ ku 3. Kó má dín sí 5, torí taya máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń yí kọ́nà.

* * *

Awakọ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má dẹ́rù bà á jù. Ọkọ̀ kékeré tó wà lórí 16 pọ̀ lójú títì, wọn ò sì ha nǹkan kan. Honda Fit ọdún 2009 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, 175/65R15 ni wọ́n fi sí èyí tí owó rẹ̀ kéré nínú wọn, wọ́n sì fi 185/55R16 sí èyí tí wọ́n ń pè ní Sport. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé 16 sí i.

* * *

Onírímù

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹ ó rí i pé tèmi ni àpẹẹrẹ yín ń gbè. 175/65R15 jẹ́ 608.5, 185/55R16 jẹ́ 609.9. Wọn ò jẹ́ kí gíga yí padà, mìlímítà 10 péré ni wọ́n sì fi kún fífẹ̀. Mi ò bá 16 jà, 7J ET35 ni mò ń bá jà. Tó bá jẹ́ 16x6.5 ET45 pẹ̀lú 195/45R16, 12.7 ló máa yọ síta, 12.7 ló máa wọlé, a ó sì jókòó wọ̀n ọ́n bóyá inú gbà á.

Ọ̀nà tí Awakọ̀ mú wá yẹn dára gan-an ṣá o. Kí ẹnikẹ́ni tó ra rímù, kó wá bí wọ́n ṣe ṣe irú ọkọ̀ rẹ̀ kan náà, ọdún kan náà, èyí tó wọ́n jù nínú wọn. Taya àti ET tó wà lórí ìyẹn, ilé iṣẹ́ ti dán an wò pẹ̀lú ẹrù, pẹ̀lú kọ́nà, pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Ó máa ń wà nínú ìwé ọkọ̀, tàbí lára bébà tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn awakọ̀.

* * *

Onítaya

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí ihò àárín. 67.1 lórí họ́ọ̀bù 54.1, àyè 13 mm ló ṣófo. Ẹ gbọ́dọ̀ ra rìǹgì tó ń dí àyè yẹn, 67.1 sí 54.1, fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí kò bá sí i, sítíárìn á máa gbọ̀n tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ 90 tàbí 100, ẹ ó sì máa ṣe bálánsì lásán.

* * *

Ẹlẹ́rọ

Rìǹgì yẹn kì í gbé ẹrù. Èyí tó jẹ́ ike gan-an ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń gbé ọkọ̀ ni bí nọ́ọ̀tì ṣe fún rímù mọ́ họ́ọ̀bù. Tí orí nọ́ọ̀tì bá ṣóńṣó, tẹ́ ẹ sì fún un bó ṣe yẹ, òun fúnra rẹ̀ máa fa rímù sí àárín. Nítorí náà, "gbọ́dọ̀" ti le jù.

* * *

Onítaya

Tẹ́ ẹ bá fún un bó ṣe yẹ, òótọ́ ni. Ta ló ń fún un bó ṣe yẹ? Wọ́n á gbé ọkọ̀ kalẹ̀ tán kí wọ́n tó fi ìbọn atẹ́gùn fún nọ́ọ̀tì. Ìwúwo ọkọ̀ ti tẹ rímù sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà yẹn. Rìǹgì ló ń dá rímù dúró sí àárín títí nọ́ọ̀tì á fi fún. Ẹ ra rìǹgì.

Ní ti nọ́ọ̀tì, ẹ wo orí rẹ̀, ibi tó ti ń kan rímù. Ó ní èyí tó ṣóńṣó, ó ní èyí tó rí roboto, ó ní èyí tó tẹ́jú tó ní wáṣà. Nọ́ọ̀tì roboto ni Honda sábà máa ń fi sí rímù tirẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ àlọ́ì tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ń fẹ́ èyí tó ṣóńṣó. Tẹ́ ẹ bá lo roboto nínú ihò ṣóńṣó, etí tín-ínrín kan péré ló máa kan rímù. Kò ní pẹ́ tú.

Eyín nọ́ọ̀tì náà ń kọ́? Toyota àti Honda ń lo M12x1.5, ìyẹn bóòtù tó fẹ̀ tó mìlímítà 12, tí eyín rẹ̀ fi mìlímítà 1.5 jìnnà síra. Ọ̀pọ̀ Nissan àti Suzuki ń lo M12x1.25. Èyí tí kò bá a mu máa wọlé díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò le. Kẹ́ ẹ tó mú ìbọn atẹ́gùn, ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé. Èyí tí kò bá fi ọwọ́ yí tó ìgbà mẹ́jọ lórí 1.5, tàbí mẹ́wàá lórí 1.25, kò tíì di bóòtù mú dáadáa. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ràn sípésà mìlímítà 5, àwo tí wọ́n ń fi sáàárín rímù àti họ́ọ̀bù, nìyẹn: eyín tó yẹ kó di nọ́ọ̀tì mú ló ń jẹ.

* * *

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun. Ó jọ pé mo máa fi rímù 16 yẹn sílẹ̀. Kí lẹ wá rí sí 185/70R14 tí ẹnì kẹta sọ? Gíga gan-an ni mo nílò.

* * *

Ẹlẹ́rọ

185/70R14 jẹ́ 614.6. Ó fi 31.5 ju tiyín lọ, àmọ́ ìdajì rẹ̀ nìkan ni abẹ́ ọkọ̀ máa fi ga sí i, mìlímítà 16. Ohun tẹ́ ẹ máa san fún 16 yẹn pọ̀. Iwájú taya máa sún mọ́ ẹ̀yìn búmpà, ẹ̀yìn rẹ̀ máa sún mọ́ ike inú fẹ́ńdà, ó máa ha nígbà tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn dé òpin, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Ọkọ̀ máa wúwo láti gbéra, torí ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹ yí jíà rẹ̀ padà ní ìdá 5.4. Ago eré náà máa parọ́ lọ́nà tó léwu: bó bá ń ka 100, eré yín gan-an lè ti lé ní 105. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kì í gbà kí ago ka iye tó kéré sí eré tòótọ́, ìlànà 39 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọkọ̀ kò sì gbà á.

Tó bá jẹ́ pé gíga díẹ̀ lẹ fẹ́, 185/65R14 jẹ́ 596.1, ìdá 2.2, ó fi díẹ̀ kọjá 2 tí mo sọ. Mìlímítà 6 àti ààbọ̀ lẹ máa jèrè, ẹ̀gbẹ́ taya á sì ga sí i. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ ọkọ̀ ń ha ilẹ̀ nìkan nígbà tí èrò bá kún, ẹ yẹ sípíríǹgì ẹ̀yìn wò kẹ́ ẹ tó yẹ taya wò. Sípíríǹgì tó ti rẹ̀ lè fi ju mìlímítà 16 yẹn lọ wọlẹ̀.

* * *

Awakọ̀

Mo gbà pẹ̀lú yín níbí. Tí ọ̀nà tẹ́ ẹ ń gbà bá ní kòtò, ẹ̀gbẹ́ taya ni ẹ máa wò. Ti 175/65R14 ga ní 114 mm. 185/55R15 jẹ́ 102. 195/45R16 jẹ́ 88. 205/40R17 tí àwọn kan ń lé jẹ́ 82 péré. Bí ẹ̀gbẹ́ bá ti kéré, etí kòtò máa rẹ́ taya mọ́ rímù, okùn inú á já, ẹ ó rí i tí taya wú bí ẹyin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn kò ní àtúnṣe, ẹ jù ú nù.

* * *

Onítaya

Ẹ ò sì ní gbàgbé nọ́ńbà ẹrù tó tẹ̀ lé ìwọ̀n taya. 82 jẹ́ 475 kílò fún taya kan. 80 jẹ́ 450. 84 jẹ́ 500. Ọ̀pọ̀ 175/65R14 jẹ́ 82. 195/45R16 ní èyí tó jẹ́ 80, ó sì ní èyí tó jẹ́ 84 XL, ìyẹn taya tí wọ́n ṣe kó lè gbé ẹrù ju ti gbogbogbòò lọ. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n kọ sára wọn, èyí tó jẹ́ 80 kò sì gbọdọ̀ gun ọkọ̀ tó bá 82 wá. XL pàápàá, atẹ́gùn tó pọ̀ sí i ló fi ń gbé ẹrù yẹn: 290 kPa (psi 42) ni wọ́n fi wọn agbára tirẹ̀, nígbà tí ti taya gbogbogbòò jẹ́ 250 (psi 36). Tẹ́ ẹ bá fi atẹ́gùn iye kan náà sí méjèèjì, XL kò ní gbé tó bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe sọ. Ẹ fi 2 sí 4 psi kún iye tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ kan tó yà díẹ̀: ẹni tó bá ra taya tuntun méjì péré, ẹ̀yìn ni kó fi wọ́n sí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń fi wọ́n síwájú torí iwájú ló ń fa ọkọ̀. Àmọ́ tí iwájú bá yọ̀ nínú òjò, ẹ óò mọ̀ ọ́n nínú sítíárìn, ẹ ó sì dín eré kù. Tí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ ti yípo kẹ́ ẹ tó mọ̀.

* * *

Olùbéèrè

Ó ti yé mi. Ẹ sọ èyí tí ẹ máa rà fún mi ní pàtó, àti bí mo ṣe máa dán an wò kí n tó sanwó.

* * *

Onírímù

15x6J, 4x100, ET40 sí ET45, pẹ̀lú 185/55R15 82. Ní ET45, mìlímítà 6 péré ló máa yọ síta, 6 ló máa wọlé. Ní ET40, 11 máa yọ síta, inú fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Taya 185/55R15 ń gba rímù 5J dé 6.5J, nítorí náà 6J bá a lára mu. Tí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì bá há, ẹ mú ET40. Tí fẹ́ńdà bá há, ẹ mú ET45. Òwú àti rúlà ló máa sọ fún yín.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n gbé rímù sórí ẹ̀rọ bálánsì láìsí taya, kó máa yí. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ máa wo etí rẹ̀ ti inú, kì í ṣe ti ìta. Ti inú ni kòtò máa ń tẹ̀, tí wọ́n á sì fi jó o pa. Ibi tí wọ́n bá ti jó máa ń ní àwọ̀ mìíràn, tàbí kí ó ní kùdìẹ̀kudiẹ lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ fi irú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé taya ti wà lórí rẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ taya, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà mẹ́ta péré, taya yẹn ti wà kí ọdún 2000 tó dé.

* * *

Ẹlẹ́rọ

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ jáàkì iwájú, ẹ gbé rímù lásán, tí kò ní taya, sórí họ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ fi nọ́ọ̀tì méjì dì í. Ẹ fi ọwọ́ yí i. Kò gbọdọ̀ kan kálípà, irin tó ń fún bíréèkì pọ̀, níbì kankan, inú àti ojú rẹ̀. Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti 15 sí 14 ni èyí kàn jù, torí bíréèkì iwájú lè má gbà á.

Lẹ́yìn náà ẹ gbé èyí tó ní taya sí i. Ẹ mọ amọ̀ rírọ̀ tàbí plasticine tó nípọn tó mìlímítà 10 mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì àti abẹ́ etí fẹ́ńdà. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ kó èèyàn mẹ́rin sínú rẹ̀, ẹ rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, síwájú àti sẹ́yìn, kẹ́ ẹ gun ibi tó ga pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Ẹ padà wo amọ̀ náà. Ibi tí taya bá ti gé e tó ku mìlímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dára. Ibi tí ó bá ti gé e dé irin, rímù yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé etí fẹ́ńdà torí rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gé irin tí ọ̀dà rẹ̀ sì bó, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fún nọ́ọ̀tì ní àgbélébùú, kì í ṣe yípo, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lókè. Ẹ wá fi sípánà tó ń ka agbára parí rẹ̀ nílẹ̀. 103 Nm ni Toyota máa ń kọ fún ọkọ̀ kékeré rẹ̀, 108 ni ti Honda. Ẹ wo ìwé tiyín. Tẹ́ ẹ bá ti rin kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún un fún.

* * *

Onítaya

Kẹ́ ẹ sì tọ́jú nọ́ọ̀tì àtijọ́ mẹ́rin sínú búùtù. Sípíà yín ṣì jẹ́ rímù irin, nọ́ọ̀tì àlọ́ì lè má bá ihò rẹ̀ mu. Sípíà 175/65R14 yẹn kò sì ní wàhálà pẹ̀lú 185/55R15, mìlímítà kan àti díẹ̀ ló yà wọ́n, ẹ lè fi sí iwájú tàbí ẹ̀yìn títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ onítaya.